Orúkọ Bàbá Akọ̀wé Lára Aago Ìbà

Mọ́ńdè, 4 oṣù kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù mi wá gbé e. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ni omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé òjò ni. Owó ṣọ́ọ̀bù ti ga ju ohun tí iṣẹ́ ń mú wọlé lọ, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é. Ọpẹ́ ni pé ẹni tó rà á mọ iṣẹ́, kò ní fìyà jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Akọ̀wé, bàbá ọkọ mi, ní Òkókò. Wọ́n ń fín orúkọ obìnrin kan sára ìkòkò, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkòkò náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo ti dé." Wọn ò gbé orí sókè.

Wọ́n ní, "O pẹ́."

Mo ní òjò ni.

"Kì í ṣe tòní ni mo ń sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti rí bí o ṣe ń fi òwú kọ lẹ́tà sára agbádá ni mo ti ń retí rẹ. Àwọn ọmọ tí mo bí, kò sí èyí tó fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ọkọ rẹ ní ojú òun kò gbà á. Jókòó."

Inú mi dùn, mo jókòó. Wọ́n gbé àpò awọ kékeré kan tó kún fún iyanrìn síwájú mi, wọ́n gbé idẹ pẹlẹbẹ kan lé e, wọ́n ní kí n máa yí i. Gbogbo ẹ̀kọ́ òní nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún tó di irin ìfín mú kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ òsì ni yóò máa yí idẹ wá bá irin. Mo yí i títí ọrùn fi ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹjọ

Ìlà tààrà. Ìlà tààrà. Ìlà tààrà. Irin yọ̀, ó gún mi ní àtàǹpàkò. Bàbá ní irin tí kò mú ló ń yọ̀, pé ọ̀lẹ mi ló gún mi. A jọ pọ́n irin lórí òkúta títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo ká àtàǹpàkò sókè ro ẹ̀bà lálẹ́, ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Túsìdeè, 12 oṣù kẹjọ

Ẹ̀rín pa mí lónìí, ojú sì tì mí díẹ̀.

Ìyàwó sójà kan wá láti Cantonment. Wọ́n ti fún ọkọ rẹ̀ ní pósìtìn lọ sí Kàdúná, ó wá kó gbogbo ìkòkò àti agbada rẹ̀ wá ká kọ orúkọ sí i kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀. Ó ní gbogbo ìkòkò bárékè ló jọra, bí a kò bá kọ orúkọ sí i, ilé onílé ló máa ń lọ. Bàbá fi lẹ́tà kan tàbí méjì tó rọrùn sílẹ̀ fún mi, wọ́n lọ ra epo ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti mú fóònù jáde.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ Bàbá? Mo fẹ́ ṣe tránsífà."

"Ògúndáre."

"Ẹ̀hẹn. Fọ́ọ̀sì nèmù ńkọ́?"

Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo ní Bàbá ò ní pẹ́ dé. Ó ní ọkọ̀ ń dúró dè òun. Ni mo bá yọrí síta, mo pe Mujeeb tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ wa. "Mujeeb, jọ̀ọ́, wá bá mi pe orúkọ Bàbá fún kọ́sítọ́mà."

Mujeeb bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa! Láyé ìsinsìnyí náà? Fóònù ló máa tẹ̀ ẹ́ sí o, Bàbá ò ní gbọ́!"

Mo ní kó pè é, kó má gbà mí nímọ̀ràn. Ó pè é. Obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín, ará Ọ̀fà ni, ó ti yé e. Ó ní òun náà ní àbúrò ọkọ kan tí òun ń pè ní Ìbàdí Ìlẹ̀kẹ̀, òun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n sọ ọmọ náà.

Ògúndáre kò ṣòro, èmi náà ń jẹ́ ẹ. Èyí tí ìyá wọn fún wọn ni ẹnu mi kò lè gbé. Ọjọ́ tí mo wọlé ni ìyálé mi, Ìyá Adéjọkẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́, ti fà mí létí pé Bàbá Akọ̀wé ni à ń pè wọ́n nínú ilé yìí. Ìyá Adéjọkẹ́ fúnra wọn ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 16 oṣù kẹjọ

Mo fín odindi orúkọ àkọ́kọ́ mi lónìí, BỌ́SẸ̀, sídìí agbada. Kò gún régé, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá ti di ọwọ́ mi mú. "Pè é ná."

"Kí n pe kí ni, sà?"

"Orúkọ tí o fẹ́ fín. Pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí etí rẹ gbọ́ kí ọwọ́ rẹ tó lọ. Idẹ kì í ṣe ìwé tí o máa fi rọ́bà pa rẹ́."

Wọ́n ní ìgbà tí àwọn ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá ológun kan ní Navy Town fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí àwọn fín orúkọ rẹ̀ sára àwo fàdákà. Oúnjẹ ni àwọn ń rò lọ́kàn, orúkọ ọ̀gá mìíràn ni àwọn kọ, ẹni tí òun àti ọ̀gá àkọ́kọ́ kì í kí ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ti ń pe orúkọ kí irin tó kan idẹ. Mo pe Bọ́sẹ̀, Bọ́sẹ̀, Bọ́sẹ̀. Mujeeb dáhùn láti ìta pé Bọ́sẹ̀ ò sí nílé.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹjọ

Aago ìjọ dé, èyí tí wọ́n máa ń lù.

Idẹ gidi ni, ó tóbi tó orí àgbàlagbà, ó wúwo. Bùrọ̀dá Abọ́lá, alága ìkórè ìjọ Òkè Ìtùnú ní Ìbà, ló gbé e wá. Wọ́n fẹ́ ká fín orúkọ àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ igi furúùtù, sí i yíká. Orúkọ Wòlíì Olúgbodi tó ti sùn ló ṣáájú, ti Bàbá Akọ̀wé ló gbẹ̀yìn, nítorí àwọn ló kéré jù nínú wọn nígbà náà. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ni ìkórè.

Bùrọ̀dá Abọ́lá wo bí Bàbá ṣe ń fọwọ́ wá awò ojú wọn lórí tábìlì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn kan wà ní Alábà tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Lẹ́tà á tẹ́ rẹrẹ, ojú ẹsẹ̀ ni."

Bàbá ní, "Mo ti ṣèlérí fún Wòlíì lórí bẹ́ẹ̀dì tó kú sí pé ọwọ́ ni a ó fi fín aago ìjọ. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣèlérí."

Nígbà tó lọ tán ni Bàbá tó sọ fún mi. Ojú òsì wọn ti ṣú tipẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ funfun ti ń bo èyí ọ̀tún náà, dókítà sì ti dájọ́ tí wọ́n máa ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ò gbọdọ̀ tẹríba ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní, "Bámikẹ́, ìwọ lo máa fín in."

Mo ní, "Bàbá, agbada Bọ́sẹ̀ ni mo ṣì ń fín o!"

Wọ́n ní àwọn mọ̀. Bí n kò bá lè ṣe é, Alábà ni aago yẹn ń lọ, ìlérí tí bàbá yìí ṣe fún òkú á sì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, èmi ni wọ́n fi lé lọ́wọ́. Mo dúpẹ́.

Mọ́ńdè, 25 oṣù kẹjọ

Lẹ́tà alásopọ̀. Bí irin bá ń bọ̀ wálẹ̀, o dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà á sanra. Bó bá ń gòkè, o jẹ́ kó dúró ṣánṣán, ìlà á pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo mọ̀ ọ́n sọ báyìí. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá fi èékánná tẹ̀ lé lẹ́tà tí mo fín, wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka ìwé. "Ibí yìí, ẹ̀rù bà ọ́. Ibí yìí, o mí. Ibí yìí, ẹnì kan bá ọ sọ̀rọ̀." Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyá alákàrà ló bá mi sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè, 1 oṣù kẹsàn-án

Kẹ̀kẹ́ láti Ìyànà Ìbà ti fowó kún owó. Wọ́n ní epo ni. Mo fẹsẹ̀ rìn padà, ó sì ṣe mí láǹfààní, orí mi fúyẹ́.

Lónìí ni lẹ́tà B mi gún régé. Ikùn rẹ̀ méjèèjì yọ bó ṣe yẹ, ìrù rẹ̀ sì ká jẹ́jẹ́. Bàbá fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Hẹn-ẹn." Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò ní mọ̀ pé oríyìn ńlá ni. Mo ra dòdò fún gbogbo wa, títí kan Mujeeb.

Túsìdeè, 9 oṣù kẹsàn-án

Bàbá fi ẹfun pa aago náà lára kí pẹ́ńsù lè hàn, wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo wọn sí i, pẹ̀lú ojú tó ń dùn wọ́n. Orúkọ ìdílé ló ṣáájú nínú gbogbo rẹ̀, bí ìjọ ṣe fẹ́. Nígbà tó kan tiwọn, wọ́n gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ó ku ọ̀kan."

"Mi ò ní fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sára aago Ọlọ́run. Àwọn èèyàn á ní mò ń ṣe fáàrí. Ìwọ ni kí o kọ ọ́."

Ta ni mo máa sọ fún, pé n kò lè pè é kí n tó kọ ọ́? Àwọn ló ṣe òfin pípè. Ìyá Adéjọkẹ́ ló ṣe òfin àìpè. Mo wà láàárín.

Fúráìdeè, 12 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n ti ṣe ojú Bàbá. Ó lọ dáadáa. Wọ́n fi nǹkan bò ó, dókítà ní a ò gbọdọ̀ ṣí i sílẹ̀ títí wọ́n á fi padà lọ. Ọkọ mi gbé wọn wálé ní Ìbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Bàbá ní kó má bú kòtò, kó yà fún un.

Ọlọ́run, ẹ ṣeun. Mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́.

Mọ́ńdè, 15 oṣù kẹsàn-án

Èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé aago lé àpò iyanrìn, mo gbàdúrà, mo pe Olúgbodi lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi irin kàn án. Idẹ náà rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Irun idẹ ń ká jáde níwájú irin, ó ń tàn. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ títí mo fi parí lẹ́tà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti gé ètè mi jẹ.

Mo ń pe orúkọ, mo ń fín. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní òdì kejì yọjú wá bi mí bóyá ìṣọ́ òru ni mò ń ṣe lọ́sàn-án. Mujeeb dá a lóhùn pé àwọn òkú Ìbà ni mò ń pè, kó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹsàn-án

Ó parí! Ó parí! Ó parí!

Mo ti fín gbogbo èyí tí Bàbá kọ sílẹ̀, ó wá ku tiwọn. Mo fi ẹfun pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pe Ògúndáre sókè. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo pè é nínú lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́, n kò gbé ọwọ́. Mo fi irin tẹ̀ lé e, n kò gbé ọwọ́. Kò sí ibì kankan lára aago yẹn tí lẹ́tà ti dùn ún wò tó ibẹ̀. Àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é.

Ìyá Adéjọkẹ́ wá mú oúnjẹ wá fún mi láti ilé. Wọ́n yí aago náà, wọ́n ń kà á sókè. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ Bàbá, wọ́n kà á tán, wọ́n dì mọ́ mi. "Bámikẹ́, o ti gbé gbogbo àwa ìyàwó ilé gorí ẹṣin." Mo sunkún díẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wọn tán pátápátá.

Sátidé, 20 oṣù kẹsàn-án

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Bùrọ̀dá Abọ́lá wá wo iṣẹ́. Lójú rẹ̀ mo máa ń pè é ní "ẹ̀yin", ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, "ó" tó o. Ó yí aago náà jẹ́jẹ́, ó ń mi orí, ó ní, "Ẹ káre, Sísítà, ẹ káre." Ó wá dé ìparí. Ó dúró.

"Ta ni Ògúndáre Akọ̀wé?"

Mo ní, "Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

Mo tún fẹ́ dáhùn, ohun tí mo ṣe sì là sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ tí mo pè nínú ni mo kọ. Akọ̀wé! Mo fín in sára idẹ, jinlẹ̀jinlẹ̀, pẹ̀lú ìrù tó ká. Ìyá Adéjọkẹ́ sì kà á sókè, wọ́n dì mọ́ mi, kò ta wọ́n létí rárá, nítorí àwọn náà kò ní orúkọ mìíràn fún Bàbá.

Bùrọ̀dá Abọ́lá ní, "Àwọn ará á rò pé akọ̀wé ìjọ ni. A ti ní akọ̀wé márùn-ún láti ìgbà tí a ti dá ìjọ sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa bínú." Ó ní òun máa gbé aago lọ sí Alábà ní Ọjọ́rú, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n tún un kọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá. Ó gbà, kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ìkórè ló ń bà á.

Mujeeb kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ó kàn ràn mí lọ́wọ́ ti ilẹ̀kùn.

Sọ́ńdè, 21 oṣù kẹsàn-án

Mo fi aṣọ ìpọ̀nmọ́ Dámilárá ọmọ mi wé aago náà, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ dé Ìbà. Bàbá wà lórí àga ní ìta, ojú wọn wà ní bíbò. Mo dọ̀bálẹ̀. Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ti kéré jù. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo ti ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́."

Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi èékánná kà á láti Olúgbodi. Wọn ò kánjú. "Ẹ̀rù bà ọ́ níbí." "Ibí yìí dára." "Ibí yìí dára." Mo ń retí ibi tó kù bí ẹni ń retí ẹgba. Wọ́n dé Ògúndáre. Wọ́n dé Akọ̀wé. Èékánná wọn lọ, ó bọ̀, ó tún lọ.

"Ibí yìí, ẹ̀rù kankan ò bà ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo pè kí o tó fín in?"

"Ohun tí mo kọ náà ni mo pè, sà."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo rò pé wọ́n ń sunkún, mo fẹ́ dìde nítorí ojú wọn. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá Adéjọkẹ́ fi sáré jáde láti ilé ìdáná pé kí wọ́n ṣọ́ra, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ gbọn orí. Wọ́n ní, "Ìyá Adéjọkẹ́, wọ́n ní o ka orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, o ní kò sí àléébù níbẹ̀." Ìyá Adéjọkẹ́ wo aago, wọ́n wò mí. Wọ́n wá bo ẹnu. "Yéè! Àní mo kà á o!"

Bàbá pe Bùrọ̀dá Abọ́lá lórí fóònù lójú wa. Wọ́n ní, "Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé mi sọ mí ni. Wọ́n ti fi bọ́ mi, wọ́n ti fi tọ́jú mi, wọ́n fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Kò sí ẹni tó máa lọ̀ ọ́ kúrò. Àyè ṣì wà kí ó tó kan àmì àgbélébùú ara aago, mo ti fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Èyí tí ìyá mi fún mi máa tẹ̀ lé e." Bùrọ̀dá Abọ́lá ní bó bá ti wà níbẹ̀, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kó má kọjá Ọjọ́rú.

Mo dúpẹ́ títí wọ́n fi ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní, "Má tíì dúpẹ́. Lọ́la, níbí, níwájú mi, o máa pè é kí o tó fín in."

Mọ́ńdè, 22 oṣù kẹsàn-án

Òjò kò rọ̀. Oòrùn jáde díẹ̀. Mo tẹ́ ẹní síta, mo gbé àpò iyanrìn lé e, mo gbé aago lé àpò. Mo fi ẹfun pa àyè tó kù. Ó fún, lẹ́tà kan tó bá sanra jù, kò ní wọlé.

Bàbá ní, "Pè é."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Bí o ò bá pè é, ọwọ́ rẹ á tún lọ síbi tó mọ̀. Èmi ni mo ni orúkọ náà. Mo yá ọ."

Ìyá Adéjọkẹ́ ní, "Hà, Bàbá! Ìyàwó ilé?"

"Ìwọ náà lè pè é."

"Ẹnu tèmi kọ́!" Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Èmi ò gbọ́ o. Bámikẹ́, èmi ò sí níbí." Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò níbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo pè é, ohùn mi kéré débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Bàbá kò ṣe bí ẹni gbọ́. Mo gbé ohùn sókè, mo tún pè é. Wọ́n yí orí díẹ̀ sọ́dọ̀ mi, bí èèyàn ṣe ń ṣe bí wọ́n bá pè é láti yàrá kejì. Omi ti ń dà lójú mi, mo ronú gbogbo oúnjẹ tí mo ti gbé síwájú wọn, gbogbo "ẹ káàárọ̀ sà", gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mi dá sí ìjà èmi àti ọmọ wọn, n kò sì fi orúkọ yìí pè wọ́n rí. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún jáde ketekete.

Wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Fín in."

Mo nu ojú, mo fín in.

Sátidé, 27 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n ti ṣí ojú Bàbá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ó rẹwà. Ohun kejì ni fọ́tò aago lórí fóònù ọkọ mi. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n dá fóònù padà, wọ́n ní, "Hẹn-ẹn."

Sọ́ńdè, 12 oṣù kẹwàá

Ìkórè. Èrò kún ìjọ dé títì. Bùrọ̀dá Abọ́lá fúnra rẹ̀ ló ka àwọn orúkọ náà fún ìjọ láti ara aago, nígbà tó sì dé ìparí, ó kà á tán, ó ní, "Àwọn ìyàwó ilé Bàbá ló fi èyí àárín jíǹkí wọn." Gbogbo àwọn obìnrin hó yèè. Ìyá Adéjọkẹ́ dìde, wọ́n jó láti ìjókòó wọn dé pẹpẹ, wọ́n sì jó padà. Bàbá wà níwájú nínú aṣọ funfun wọn, pẹ̀lú gíláàsì dúdú tí dókítà fún wọn. Ìjọ ní kí Bàbá wá lu aago. Wọ́n dìde, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n fi ọwọ́ pè mí. A jọ di okùn rẹ̀ mú. Nígbà tó dún, mo gbọ́ ọ nínú egungun ọwọ́ mi níbi tí mo ti ń di irin ìfín mú.

Ní ọ̀la, a máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan láti Navy Town ti kó ìkòkò kalẹ̀ lọ́dọ̀ Mujeeb.

Lẹ́nu, Bàbá Akọ̀wé ni wọ́n ń jẹ́ títí dọjọ́ alẹ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún pe èyí tí ìyá wọn fún wọn, n kò sì ní pè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí n tó sùn: Bánkọ́lé.